Omi Oògùn Obì tí Ṣọlápé Fi Ránṣẹ́ Pẹ̀lú Òjò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

1.
Ṣọlápé ń ta obì ní Sábó, ní Ṣàgámù. Gbànja tirẹ̀ máa ń dé Òkè Ọya láìní ihò kòkòrò kankan. Oògùn kòkòrò ló ń pò mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù, tó ń rẹ obì sí. Bó bá kó obì jáde tán, omi yẹn á kù sílẹ̀, funfun bí omi ògì. Á dé e títí ojú ọ̀run á fi ṣú. Bí òjò bá ti ń rọ̀, á yí dúrọ́ọ̀mù sí gọ́tà, á ní òjò ti bá òun gbé e lọ. Gbé e lọ síbo? Kò bi ara rẹ̀.

2.
Gọ́tà náà ṣàn gba ìsàlẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá rẹ̀. Kànga kan wà níbẹ̀ tí Ṣọlápé fi èrè obì àkọ́kọ́ gbẹ́ fún ìyá. Ìyá kì í mu omi inú ọ̀rá. Ó ní èyí tí ọmọ òun gbẹ́ tó òun.

Hàmdálátù, aládùúgbò ìyá, ló kọ́kọ́ fura. Ó lọ bá Ṣọlápé ní ìsọ̀, ó ní adìẹ òun méjì mu omi gọ́tà, wọ́n kú, àti pé kànga ń rùn lẹ́yìn òjò. Ṣọlápé ní ṣé òun nìkan ló ń ta obì ní Sábó ni.

Hàmdálátù ò bá a jà. Ó ní, "Ẹ ṣáà rántí, Àǹtí, pé kànga yẹn ni màmá ń mu."

Ṣọlápé rẹ́rìn-ín. Ó ní kọnkéré ni wọ́n fi mọ kànga ìyá òun, kò sóhun tó lè wọ̀ ọ́. Àgídí burú!

3.
Nínú oṣù Òkúdù, òjò rọ̀ léraléra. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ṣọlápé rò pé ibà ni. Ó fi omi kànga yẹn se àgbo, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fún ìyá mu, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà bi ìyá léèrè irú omi tó ń mu.

Ìyá ní, "Omi ọmọ mi ni. Mi ò mu òmíràn."

Ṣọlápé rántí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ àti ohun tí Hàmdálátù sọ fún un. Ilẹ̀ ló jókòó sí.

4.
Ìyá ò kú, a dúpẹ́. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n títí dòní, kò lè di ife mú. Àlímì tó gbẹ́ kànga ni wọ́n tún pè kó wá dí i pa. Ṣọlápé ń ra omi ẹ̀rọ fún ìyá, òun ló ń gbé e sí i lẹ́nu. Lójoojúmọ́ ni ìyá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Èyí ò dùn tó tìẹ."

Ṣọlápé ò tíì lè sọ ìdí fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ obì, ẹ̀yin mẹkáníìkì tẹ́ ẹ ń da ọ́ìlì, ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ ń dúró de òjò kẹ́ ẹ tó tú ṣáláńgá, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Òjò kì í gbé nǹkan kúrò láyé. Ilé ẹnìkan ló ń gbé e lọ, ó sì lè jẹ́ ilé ìyá yín. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.