Alùpùpù Tí Kì Í Pariwo

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé alùpùpù tuntun náà dé, ìyàwó Afẹ́fẹ́ kò sì gbọ́ ìró rẹ̀ títí ó fi wọ inú ọgbà. Ó ń ká aṣọ lórí okùn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, nǹkan pupa gàgàrà kan ló rí, àyà rẹ̀ sì já.

Ọmọ wọn obìnrin ló rà á. Tíṣà ni, ìlú mìíràn ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló sì máa ń wálé. Ó ti gbọ́ lórí fóònù pé alùpùpù àtijọ́ ti ń wúkọ́.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni bàbá rẹ̀ ti ń gun èyí àtijọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti gùn ún kọjá ibodè orílẹ̀-èdè mẹ́rin, àgọ́ wọn lápá kan, ìkòkò wọn lápá kejì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ bàbá náà ní Afẹ́fẹ́. Láìpẹ́ yìí ìrìnàjò ti dín kù. Ọ̀nà etí odò nìkan ló kù, láàárọ̀ Sátidé kí ọkọ̀ tó pọ̀, dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti padà. Àwọn ará àdúgbò ní àgbà ló dé.

"Ọjọ́ tí èyí bá kú, mo ti parí gígùn nìyẹn," ló ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ, síbẹ̀ àdúrà tó ń gbà nínú ara rẹ̀ ni pé kó tètè kú. Ó sì ti ń kú lọ. Ọmọ wá fi ìfẹ́ ba nǹkan jẹ́.

Ọkùnrin tó gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù ń ṣàlàyé. "Ẹ wò ó, Bàbá, gbogbo nǹkan ló wà lójú gíláàsì yìí. Eré tí ẹ ń sá, epo tó kù, ọ̀nà tí ẹ ń lọ."

Afẹ́fẹ́ fọwọ́ pa alùpùpù náà lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. "Èmi ò fi gíláàsì gun alùpùpù rí," ló wí. "Etí àti ìdí ni mo fi ń gùn ún."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ ẹ̀," ni ọmọ wí.

"Pupa bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́," ni ìyá rẹ̀ sáré dáhùn.

"Pupa ló dáa jù," ni Afẹ́fẹ́ wí.

Ìyá fa ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Dá a padà."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Nǹkan yìí á pa bàbá ẹ. Kì í pariwo. Ti àtijọ́, wọ́n á ti gbọ́ ọ lókèèrè, wọ́n á sì yà fún un. Ta ló fẹ́ yà fún èyí?"

"Bíréèkì ẹ̀ dáa ju ti àtijọ́ lọ."

"Ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀ ti jìnnà jù. Ọwọ́ mi ò ní tó bàbá ẹ dáadáa."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọwọ́ yẹn. Bí tọkọtaya náà bá ti jókòó sórí alùpùpù, ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó kì í kúrò ní èjìká ọkọ, á sì máa gbá a pẹ́pẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ. Àwọn obìnrin ilé kejì a máa pe ọkọ wọn síta kí wọ́n wá wo ìfẹ́ tí kì í gbó.

"Ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ mú," ni ọmọ wí. "Ẹ lè fi èjìká Bàbá sílẹ̀ fún wákàtí kan."

"O ò mọ nǹkan tí ò ń sọ."

"Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n nígbà náà."

Ohun tí ìyá fẹ́ sọ kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ. "Ẹ̀rù lásán ni," ló wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má gùn ún.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí inú ọmọ má baà bàjẹ́," ni Afẹ́fẹ́ wí. "Lẹ́yìn náà, màá ní ẹ̀yìn ń dùn mí, ó parí."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà." Ó wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ó fi bá a, ó sì dì í mú. "Ìwọ ṣáà wà lẹ́yìn mi."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Láàárọ̀ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ bá a wọ ẹ̀wù awọ rẹ̀, ó sì fà á lápá lọ síbi alùpùpù náà. Afẹ́fẹ́ jókòó, ó kọjú sí géètì, ó dé akoto rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ padà sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti mú tirẹ̀. Kò bá akoto lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì rí ẹ̀wù awọ tirẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ojú fèrèsé.

Nísàlẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti wọ ẹ̀wù náà, ó sì ti dé akoto náà. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀, ó fi ìka lé iwájú akoto níbi tí ẹnu wà, kí ìyá má ba eré náà jẹ́. Ó tún fọwọ́ ṣe é pé kí Màmá sinmi, kí ẹ̀rù má bà á mọ́. Ó rọra gun ẹ̀yìn.

Ìyá fa fèrèsé, ó há. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lu gíláàsì, ó ń kígbe. Ó rí i tí Afẹ́fẹ́ gbórí sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń béèrè bóyá kí àwọn máa lọ. Ọmọ náà kò fẹ́ kí ohùn òun tú àṣírí, ó wá ṣe ohun tó rí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó wálé lọ́dún tó kọjá. Ó nàgà, ó gbá èjìká bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Alùpùpù náà jáde ní géètì láìpariwo.

Láti ọdún méjì tí ojú Afẹ́fẹ́ méjèèjì ti fọ́, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti bò ó mọ́ gbogbo ayé lójú, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló fi ń rí ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan fún máa lọ, ẹ̀ẹ̀mejì fún apá òsì, ẹ̀ẹ̀mẹta fún apá ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ̀ mọ́ èjìká fún dúró, ọmọ wọn kò sì mọ ọ̀kankan nínú wọn.