Obìnrin Tó Ń Rìn Láàrin Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Òkun

Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, Gudny ń wo obìnrin kan tó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàrin àwọn pẹ́pẹ́yẹ òun, ní erékùṣù kékeré tó wà ní òdìkejì omi. Ọkọ̀ ojú omi Hallvard, bàálé rẹ̀, wà ní èbúté ibẹ̀. Hallvard fúnra rẹ̀ kò hàn níta.

Yìnyín ló gbé Gudny ṣubú nígbà òtútù, tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi yẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, òun ló ń tọ́jú àwọn ẹyẹ náà, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe. Wọ́n á gòkè wá láti inú òkun, wọ́n á yé sínú ilé kékeré tí a fi òkúta kọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá sì kó ọmọ wọn lọ tán, ìhùùhù inú ìtẹ́, ìyẹ́ múlọ́múlọ́ tó ń mówó wá, di ti olùtọ́jú. Abo wọn rí rẹ́súrẹ́sú bí koríko òkun tó gbẹ. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó rí i. Bí ẹ̀rù bá bà á jù, á yàgbẹ́ sórí ẹyin kó tó fò, kò sì sí ẹranko tó máa fẹnu kàn án mọ́. Akọ ní tirẹ̀ funfun báláú, kì í sún mọ́ ìtẹ́. Ìgbà tí ìyẹ́ rẹ̀ bá re, tí kò lè fò, ló tó ń bọ́ funfun sílẹ̀, tó ń gbé àwọ̀ ìyàwó rẹ̀ wọ̀, kí ọ̀tá má baà rí i.

Àlejò kì í débẹ̀ nígbà ìsàba. Aṣọ kan náà ni olùtọ́jú ń wọ̀ lọ́dọọdún, orin kan náà ló ń kọ. Ẹyẹ tí kò bá dá ẹni tó dé mọ̀ á kọ ẹyin sílẹ̀.

Àwọn ẹyẹ náà kò sá fún obìnrin yìí.

Gudny ti bi Hallvard léèrè ẹni tó ń bá a tọ́jú wọn. Ó ní òun ń dá a ṣe ni. Ó ti bi í léèrè ìdí tó fi fá irùngbọ̀n tó ti wà lágbọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Ó ń yún mi ni, Ìyá Sigrun," ló sọ.

Hallvard tún ti bẹ̀ ẹ́, nídìí oúnjẹ àárọ̀, pé kó kọ orin àwọn ẹyẹ fún òun, kó tún un kọ. Inú Gudny dùn lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, atẹ́gùn ń gbé orin náà bọ̀ láti òdìkejì omi, ní ohùn tín-ín-rín.

Oddlaug, aládùúgbò rẹ̀, wọlé pẹ̀lú ẹja àti awò tí ọkọ rẹ̀ fi ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ̀wù ẹ kọ́ nìyẹn? Èyí tó ní àbùlẹ̀ lẹ́yìn." Oddlaug tún fi awò wo obìnrin náà. "Ó mà síngbọnlẹ̀ o. Apá ẹ̀wù yẹn ò dé ọrùn ọwọ́ ẹ̀. Bàbá Sigrun mọ obìnrin-ín yàn."

Gudny fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìkọ́ tó ń fi ẹ̀wù àti ìborí rẹ̀ kọ́ ṣófo.

"Ẹ̀wù mi," ló wí. "Orin mi. Ọkọ mi. Kí ló kù tí kò tíì gbé?"

"Kọfí ẹ ṣì wà níbí," ni Oddlaug fèsì, ó sì bu díẹ̀ fún ara rẹ̀.

Gudny di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun á bá ọkọ̀ èrò ọ̀sán lọ sọ́dọ̀ Sigrun, ọmọ wọn, ní ìlú, òun ò sì ní padà. Àmọ́ kí Oddlaug kọ́kọ́ wa òun dé erékùṣù náà, kí òun rí ojú obìnrin yẹn.

Oddlaug dúró ti ọkọ̀ létí omi. Gudny rọra gòkè. Ó ti pinnu pé òun á lọgun, kí gbogbo ẹyẹ fò, kí ìgbẹ́ bo gbogbo ẹyin, kí ọdún náà bàjẹ́ mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ nídìí ìtẹ́ kan, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń kọrin.

Gudny la ẹnu, ni obìnrin náà bá yíjú padà, àgbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ń dán lábẹ́ ìborí Gudny, ó gbé ìka lé ètè, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá Sigrun, jọ̀ọ́, má sọ fún Oddlaug."