Ọjọ́ Tí Màmá Lọ Fojú Hàn

"Iṣẹ́ kí ni ọkọ yín ṣe, Màmá?"

"Bíríkìlà ni."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó náà, ó ń so okùn bàtà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́... rárá o, ẹyọ kan."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá ṣe báyìí lọ́hùn-ún, a gbé nìyẹn."

"Má bínú, ọmọ mi. Ọpọlọ arúgbó ni mò ń lò. Bàtà yìí sì ń fún mi lẹ́sẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ló wú díẹ̀. Ẹ fara dà á títí a ó fi dé."

Ẹ̀rù ń ba ọmọbìnrin náà. Ta ni ẹ̀rù ò ní bà? Ọdún tó máa fi jáde ní yunifásítì ló wà yìí. Bàbá rẹ̀ àgbà, nígbà tó wà láyé, ń fi owó pamọ́ sí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan, àdéhùn wọn sì ni pé bí òun bá kú, kí wọ́n máa san owó fún ìyàwó òun lóṣooṣù títí ìyàwó náà yóò fi kú. Owó yẹn ló ń rán ọmọ-ọmọ níléèwé. Lọ́dọọdún ni ilé-iṣẹ́ náà máa ń pe àwọn arúgbó tó ń gbowó kí wọ́n wá fojú hàn, kó lè dá wọn lójú pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò bá yọjú, tàbí tí kò lè dáhùn ìbéèrè nípa ara rẹ̀, wọ́n á dá owó rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá dá ti Màmá dúró, ìwé kíkà parí, kò sì sí ẹlòmíì tó lè bá a san owó ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ sì wá wo ohun tó ń kọ́ ní yunifásítì ọ̀hún: bí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ṣe ń ṣírò iye ọdún tó ṣeé ṣe kí èèyàn lò láyé. Ó mọ̀ ọ́n débi pé Ìyá Oníṣirò ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, olùkọ́ wọn kọ "láàyè" àti "òkú" sójú pátákó, ó fa ọfà láti ọ̀kan dé ìkejì.

"Ọfà yìí kì í padà sẹ́yìn," ni olùkọ́ wí. "Ìṣirò tiwa ò mọ àjíǹde."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Kí ló dé tí àwọn tó ń gba owó títí ọjọ́ ikú fi ń pẹ́ láyé ju àwọn tó ra ìbánigbófò ẹ̀mí lọ, èyí tí wọ́n ń san fún ẹbí lẹ́yìn ikú?"

Ẹnì kan ní wọ́n ń jẹun dáadáa. Ẹlòmíì ní ọkàn wọn balẹ̀ ni.

"Ìyá Oníṣirò, ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí o kì í dákẹ́."

"N ò mọ̀, sà."

Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

"Ẹni tó mọ̀ pé ara òun le ló ń wá irú owó bẹ́ẹ̀," ni olùkọ́ wí. "Aláìsàn wo ló máa fi owó rẹ̀ ṣòfò?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí olùkọ́ ṣe wí i.

Ní ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà, àwọn arúgbó ti kún orí bẹ́ǹṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni akọ̀wé tó ń pè wọ́n. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ó wo àwòrán tó wà nínú fáìlì, ó wo ìyá náà, ó tún wo àwòrán.

"Màmá, ẹ mà ti yàtọ̀ sí àwòrán yìí o."

"Ìwọ náà dàgbà tó mi ná, ká wo bí o ṣe máa rí."

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà ò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Ó béèrè orúkọ ọkọ, ìyá náà dáhùn. Ó béèrè iṣẹ́ ọkọ, ìyá náà tún dáhùn láìkọsẹ̀.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, Màmá?"

Ìyá náà wo ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà di apá àga mú.

"Ẹyọ kan," ni ìyá náà wí. "Ó ti kú."

Ni omijé bá ń dà lójú rẹ̀, wọ̀ọ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi." Akọ̀wé náà yára lu òǹtẹ̀. Ó wá kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Àwọn bíi tiyín ò wọ́pọ̀ mọ́."

"Ẹ ṣeun, sà."

Wọ́n jáde, wọ́n kọrí sílé. Ó yẹ kí inú ọmọbìnrin náà máa dùn, àmọ́ inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an ni.

"Ẹ ṣé, Màmá. Ó ku ìdánwò àṣejáde nìkan, a ti bọ́."

"Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, n ò lọ mọ́. Má ṣe jẹ́ kí n tún fi ẹnu ara mi sọ pé ọmọ mi ti kú."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó bá a dẹ okùn bàtà náà.

Nígbà tí wọ́n dé àdúgbò, ìyá náà yà sí ilé tirẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì dá nìkan gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko tó ti hù lórí ibi tí òun àti ìyá náà jọ sin ìyá rẹ̀ àgbà, ẹni tó ni owó náà gan-an, sí nígbà òjò tó kọjá, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.