Ẹmu Tí Etu Olùṣọ́ Mu

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Etu, olùṣọ́ igbó.

Etí Etu mú ju ti gbogbo ẹranko lọ. Bó bá ti gbúròó ọdẹ, á kígbe, gbogbo wọn á sá. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹmu tí adẹ́mu ń gbé sídìí ọ̀pẹ. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kìlọ̀ fún un, á ní, "Díẹ̀ ni mò ń mu."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ rí ajá ọdẹ, ó fi orin bẹnu:

Etu ọkọ mi, ajá dé o,
Dìde, dìde!
Gbé ọmọ wa, ká máa lọ o,
Dìde, dìde!

Etu ń hanrun. Ajá gbé ọmọ wọn lọ.

Nígbà tí ojú Etu là, ó sunkún títí. Ìgalà, olórí wọn, pe ìpàdé, ó ní, "Ẹni tí kò bá mu ẹmu yẹn rí, kó jáde wá gba iṣẹ́ Etu."

Ọ̀bọ sorí kọ́, Ẹfọ̀n sorí kọ́. Ìgalà fúnra rẹ̀ kò lè gbójú sókè. Ìgbín nìkan ló jáde, Ìgbín kò sì ní ohùn tí yóò fi kígbe.

Bí igbó náà ṣe wà láìní olùṣọ́ nìyẹn títí dòní.