Iye Ilé Iṣẹ́ Oògùn Ikọ́

Má-yọ-má-fi-kún ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ó ti fi kún un rí. Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan fi iye èké parọ́ fún un, ó gbà á gbọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ní kó lọ jókòó sílé láìgba kọ́bọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, bàbá," ọ̀gá rẹ̀ wí lọ́jọ́ tó padà. "Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ó lọ láìgba owó ìfẹ̀yìntì."

Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò le lẹ́nu. Òun ló ń wọn ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà àlòtán, bí ọṣẹ, bébà, ohun mímu àti oògùn, ń fi kún ọrọ̀ ìpínlẹ̀. Yóò mú iye tí wọ́n ta, yóò yọ iye tí wọ́n fi ra èròjà kúrò, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni yóò kọ. Lóṣù yìí, iye gbogbo wọn ló wálẹ̀ àfi ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe oògùn ikọ́ ọmọdé. Tiyẹn fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Irọ́ ni," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé. "Wọ́n tún fẹ́ kó bá mi."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ fojú ara yín rí i. Èmi ò lè bọ́ yín fún oṣù mẹ́ta mìíràn o! Ẹ ti jẹ mí tán lọ́dún tó kọjá."

Ó lọ. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un láìjanpata. Wọ́n ka páálí, ó pé.

"Ọjà tí ẹ tà ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ," Má-yọ-má-fi-kún ní. "Báwo lèyí tó ṣẹ́ kù ṣe wá pọ̀ tó báyìí?"

"Èròjà ló wọ́n tẹ́lẹ̀, bàbá. Omi dídùn tó ki yẹn, tí a fi ń po oògùn. Ẹni tí à ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ bọ́ wa láṣọ. A ti rí ẹlòmíràn tó ń tà á ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó tilẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Dúrọ́ọ̀mù tò síbẹ̀, wọ́n ti ha bébà orúkọ tó wà lára wọn kúrò. Má-yọ-má-fi-kún kà wọ́n: mọ́kànlélógún. Rìsíìtì náà wí pé mọ́kànlélógún. Ó mí kanlẹ̀.

Síbẹ̀, ó ya ṣọ́ọ̀bù olóògùn mẹ́ta, kó lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ọjà náà ń tà. Orí pẹpẹ ṣófo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Òtútù yìí ò jẹ́ káwọn ọmọ sinmi ikọ́," ìyá tó ni ìkẹta wí. "Wọ́n rà á tán pátá."

"Ṣé kò sẹ́ni tó dá a padà?"

"Ẹyọ ẹnì kan ò padà wá, bàbá. Ó jọ pé ara àwọn ọmọ ti yá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé náà síwájú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó buwọ́ lù ú.

"Oògùn ikọ́ nìkan ló yọ wá nínú ìtìjú lóṣù yìí. Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Iye yín pé, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀."

Omijé bọ́ lójú àgbàlagbà náà, kò sì tijú. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó ń jáde lọ nígbà tí obìnrin tó ń ka iye ìbí àti ikú ní ọ́fíìsì kejì dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá mi yẹ tèmi náà wò, ẹ̀rù ń bà mí pé mo ṣì í kà: ọmọdé mọ́kànléláàádọ́rin ló kú lóṣù yìí, ohun kan náà ni gbogbo ilé ìwòsàn sì ń kọ, pé ikọ́ díẹ̀ ló ń ṣe wọ́n, ìyá wọn ra oògùn fún wọn, wọn ò sì lè tọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú."