"Korbi, Wò Mí!"

Ní gbọ̀ngàn kan ní Vienna, Korbinian wà nídìí dùùrù, Gundula gbé fayolín séjìká, bàbá kan gbá sẹ́lò, fayolín ńlá, mọ́ra.

Ottilie, ìyàwó Korbinian, jókòó tì í, ó ń bá a ṣí ìwé orin.

Ojú ewé kẹta: Gundula ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀, "Korbi, wò mí!"

Ìkeje: "Èmi ni kó o wò o!"

Korbi sì ń wò ó.

Owú ń jó Ottilie bí iná ọyẹ́.

Bí wọ́n ṣe kúrò lórí pèpéle, ó gbá Gundula lápá mú.

"Ọkọ mi lo fẹ́ gbà, àbí?"

Gundula bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ta ló fẹ́ gbà á? Tó o bá ti dìde ṣíwèé, ìwọ ló máa ń tẹjú mọ́, á kàn án láti lù, kò ní mọ̀, àfi tó bá ń wò mí!"