Ògbufọ̀ Kan Ṣoṣo ní Senja

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1968, Tíṣà Gudveig jókòó níwájú àwọn ará abúlé rẹ̀ ní erékùṣù Senja, nílẹ̀ Nọ́wè.

Nínú gbogbo ará abúlé tí ó wà níbẹ̀, obìnrin yìí nìkan ni ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Beryl, arúgbó obìnrin tó jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde láti sọ ẹjọ́ rẹ̀.

"Ọ̀dọ́kùnrin kan fi katakata aláwọ̀ aró fa ọkọ̀ mi jáde nínú kòtò, ó sì gba gbogbo owó tí n ó fi padà sílé. Olè ojúkorojú ni! Ó bó mi láwọ láàyè!"

Gudveig túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ẹnì kan fi katakata ran òun lọ́wọ́. Ó ní owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. "Epo náà kúkú wọ́n! Ẹ bu kọfí fún Màmá!"

"Ọmọ mi, kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?" ni Beryl bi í.

Gudveig yí ojú sápá kan.

Torleif, alága abúlé, tí Gudveig kọ́ ní ilé ìwé, rí omijé arúgbó náà.

"Tíṣà, èèyàn kì í sunkún báyìí torí owó tó wọ́n díẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Gudveig wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a sọ ọ́.

"Ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan gba gbogbo owó òun. Ó ní olè ojúkorojú ni, ó bó òun láwọ láàyè."

Ẹ̀rín tán.

"Ta ni?" ni Torleif bèèrè. Gudveig túmọ̀ ìbéèrè náà fún Beryl.

Beryl mi orí. "N ò mọ orúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dá ṣáká. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun."

"Tíṣà, kí ló wí?"

"Katakata náà, aláwọ̀ aró ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì."

Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀.

"Eivind ni. Eivind, ọmọ mi."